Ọmọ Odídẹrẹ́ Dé Igbó Odídẹrẹ́

Bí ẹ bá dé Òkè-Adán ní Ìwó, tí ẹ ní ẹ ń wá Mùrí káfíńtà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ilẹ̀kùn tí Mùrí bá kàn kì í dún, àga rẹ̀ kì í mì, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ gan-an kò ní ilẹ̀kùn. Bí ó bá sọ pé òun rí ejò nídìí igi tí òun ń là, ẹ yọ ìdajì kúrò nínú gígùn ejò náà, ẹ tún yọ ìdajì èyí tó kù, kí ẹ tó wá béèrè bóyá ejò kankan tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹnu yìí ló kó o sí wàhálà ní Ilé-Ogbó, lọ́dún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo Nàìjíríà. Mùrí ń fẹ́ Ràhámọ̀tù, ọmọ Bàbá Àmúdà, àgbẹ̀ oníkòkó kan tí orí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí òjò gan-an ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀ sí oko rẹ̀. Ràhámọ̀tù gbà, ìyá rẹ̀ gbà, àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń pe Mùrí ní ọkọ ẹ̀gbọ́n wa. Bàbá nìkan ló kù. Ọjọ́ tí ẹbí Mùrí lọ tọrọ ọmọ, Mùrí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ bí ọkọ ìyàwó gidi. Ó dìde láàárín èrò, ó gbá àyà.

"Ẹ̀yin ará Ilé-Ogbó, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ bá dána! Ọmọ Ìwó ni mí. Ọmọ odídẹrẹ́ ni mí!"

Bí wọ́n ṣe ń ki gbogbo ọmọ Ìwó nìyẹn. Ìkókó tí wọ́n bí ní Ìwó láàárọ̀, ọmọ odídẹrẹ́ ni kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Bàbá Àmúdà gbé ife omi tó fẹ́ mu sílẹ̀.

"Ọmọ odídẹrẹ́. Ó dára. Mo ti ń ná ọjà Ìwó láti ìgbà tí mi ò tíì hu irùngbọ̀n. Mo ti rí ewúrẹ́ níbẹ̀, mo ti rí pẹ́pẹ́yẹ, mo ti rí wèrè lóríṣiríṣi. Mi ò rí odídẹrẹ́ kan ṣoṣo rí. Mùrí, ìwọ ti rí i rí?"

Mùrí kò rí odídẹrẹ́ láàyè rí. Bàbá rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí i rí. Ìkóóde, ìyẹ́ pupa tó wà ní ìrù ẹyẹ náà, ni wọ́n mọ̀; ara tó ru ìrù náà, wọ́n ń fi ẹnu lásán mọ̀ ọ́n ni.

"Ẹgbẹ̀rún ni mo ti rí!" ni Mùrí wí.

"Ẹgbẹ̀rún kẹ̀! Má da ara rẹ láàmú, mú ẹyọ kan wá fún mi. Kí ó wà láàyè. Kí ó pe orúkọ mi. Ọjọ́ tí odídẹrẹ́ bá pe Àmúdà, ọjọ́ náà ni Ràhámọ̀tù yóò dé ilé rẹ. Bí kò bá pè é, kí o wá ọmọ àparò lọ fẹ́."

"Wàláì, Bàbá, ó máa pè yín títí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi."

Bí wọ́n ṣe jáde, bàbá Mùrí di etí rẹ̀ mú bí ẹni di etí ọmọ ọdún méje mú. "Níbo lo ti fẹ́ rí i, ìwọ aláṣejù yìí?"

Ìbéèrè náà dára. Mùrí wá odídẹrẹ́ ní Ìwó, kò rí i. Ó wá a dé Olúpọ̀nnà, ó wá a dé Kuta. Wọ́n fi àdàbà hàn án, wọ́n fi ẹyẹ ológe kan tó ti darúgbó hàn án. Sunday, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló mú ọ̀rọ̀ wá pé àwọn kan ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí erékùṣù kan lẹ́yìn Kàlàbá, níbi tí òyìnbó ti ń gbin kòkó, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kan àpótí. Wọ́n ní odídẹrẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí eṣinṣin.

Mùrí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kan àgò ẹyẹ kan tó ṣeé tú palẹ̀, tó ṣeé ká pọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀. Ó gun lọ́rì, ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó bì láti etíkun títí dé agbedeméjì òkun. Nígbà tó gbé orí sókè, erékùṣù ti dé.

Ẹnu yà á. Òkè kan ṣoṣo ló dúró sínú òkun, dúdú, gíga, ìkúukùu dé e ní fìlà. Iyanrìn etíkun dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Mùrí fọ ẹsẹ̀ títí kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ òun ló dọ̀tí. Lẹ́bàá oko kòkó, odò kékeré kan ń ṣàn wá láti ara òkè, èéfín ń jáde lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ro ọkà sí i. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì pariwo. Àwọn tó ti pẹ́ lóko ní iná ló wà nínú òkè náà, pé ó ti sùn tipẹ́, àmọ́ ó máa ń han-an-run.

"Sunday, iná wà nísàlẹ̀ wa."

"Mo gbọ́."

"Orí ààrò la ń sùn sí!"

"Ìwọ lo ń wá ẹyẹ. Tèmi, àpótí ni mo wá kàn. Bí mo bá jiná, kí o sọ fún ìyá mi pé ọ̀ràn ìyàwó rẹ ló pa mí."

Odídẹrẹ́ kò sí nínú oko kòkó. Wọ́n ní òkè pátápátá ni wọ́n wà, ní abúlé kan tí à ń pè ní Bokóri, pé àwọn ará abúlé náà ló ń tọ́jú igbó wọn, pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ẹyẹ níbẹ̀. Mùrí fọ́n ìyẹn dànù. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, ó fa Sunday kúrò níbi tó ti ń wá ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò lọ, wọ́n gun òkè, àgò ẹyẹ wà ní kíká nínú àpò lẹ́yìn Mùrí. Ọ̀nà náà le débi pé ewúrẹ́ tí wọ́n bá pàdé ń kẹ́dùn fún wọn.

Ìyá àgbà kan ló jókòó sábẹ́ ahéré ní ẹnu abúlé. Màmá Lóbà ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà. Ó kéré, ó rù, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Òun àti Mùrí jọ gbọ́ pijin díẹ̀díẹ̀. Ibi tí pijin kò bá dé, wọ́n ń fi ọwọ́ parí rẹ̀. Mùrí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ rẹ̀ sì di dúdú.

"Màmá, ta ló ni àwọn ẹyẹ tó wà lókè yìí?"

"Àwa ni."

"Ìjọba ńkọ́? Àwọn òyìnbó aṣọ́gbó ńkọ́?"

"Wọn ò mọ ọ̀nà ibí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Inú Mùrí dùn. Níbi tí kò bá ti sí ìjọba, ó dá a lójú pé ẹnu ló kù, ẹnu sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó dìde, ó gbá àyà gẹ́gẹ́ bó ṣe gbá a ní Ilé-Ogbó.

"Màmá, mi ò wá jí ẹyẹ o. Ẹbí mi ni mo wá mú. Ìlú kan wà níbi tí mo ti wá, Ìwó lorúkọ rẹ̀. Gbogbo wa níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, àtonígbàgbọ́ àtimàle, ọmọ odídẹrẹ́ ni wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Sunday. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ mú lọ sílé kó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀."

Sunday mi orí. Kò lè parọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà kò sì jọ irọ́: ọmọ odídẹrẹ́ lòun náà.

Màmá Lóbà dìde, ó pe àwọn àgbà yòókù. Wọ́n fi orí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ń wo Mùrí láti orí dé ẹsẹ̀. Mùrí sọ sí Sunday létí pé èyí tó sanra jù ni wọ́n ń yàn fún òun. Nígbà tó yá, ìyá àgbà padà wá, ojú rẹ̀ korò.

"Ẹ̀yin lẹbí wọn?"

"Àwa ni, Màmá!"

"Láti ayé àwọn ìyá ìyá wa la ti ń ṣọ́ wọn, àwa tí a kì í ṣe ẹbí wọn. Nínú òjò, nínú òtútù. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹbí, níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

Mùrí yíjú sí Sunday fún ìrànlọ́wọ́. Sunday rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ gbóná, ó tún fò dìde.

"Inú wa dùn pé ẹ dé," ni ìyá náà tún wí. "Ọjọ́ ìsinmi ni a fún yín. Ilé Ìwó ni yóò máa ṣọ́ igbó lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣé ẹ gbà?"

Gbogbo abúlé ti pé jọ. Àwọn ọmọdé ń tọ́ka sí i pé ẹbí ẹyẹ rèé. Ojú ti Mùrí ju kó sọ pé òun kò gbà. Ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé ta ni yóò rọrùn fún láti mú ẹyẹ ju ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ wọn?

"Wàláì, mo gbà!"

Lẹ́yìn tó ti búra tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òfin fún un. Bí ẹyẹ kan tàbí ẹyin kan bá sọnù lọ́jọ́ ilé kan, ilé náà kò ní gbé ìyàwó, kò sì ní fa ọmọ fọ́kọ, títí ọmọ ẹyẹ mìíràn yóò fi là nínú ihò igi kan náà.

"Kò ní gbé kí ni?" ni Mùrí béèrè.

"Ìyàwó," ni Sunday wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìyàwó ni wọ́n pè."

Wọ́n wá mú un lọ wo igbó náà. Mùrí rò pé òun yóò bá orí òkè lókè. Òkè kò ní orí. Níbi tó yẹ kí orí wà, ihò ńlá kan ló là sílẹ̀ bí ìkòkò tí àwọn òmìrán fi ń se ẹ̀bà, tó gba Ìwó, tó gba Ilé-Ogbó, tí àyè ṣì tún kù fún Kuta láti na ẹsẹ̀. Igi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Omi kan dákẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ojú tó ń wò ó. Kò sí wáyà, kò sí ọgbà, kò sí ọlọ́pàá. Ó kan jẹ́ pé ìyá kan jókòó sí etí ihò náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń pa èso jẹ, ó ń ṣọ́nà.

Bí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igbó náà fò dìde.

Aláwọ̀ eérú ni wọ́n, ìrù wọn pupa bí iná, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn wọ iyàrá lọ sinmi. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn bí orogún. Mùrí, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti rí ẹgbẹ̀rún, rí i pé irọ́ tí òun pa ní Ilé-Ogbó ti kéré jù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láyé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu.

"Pa ẹnu dé," ni Sunday wí, "wọ́n á ṣu sí i."

Fìlà rẹ̀ ni wọ́n ṣu sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùrí di aṣọ́gbó. Lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, yóò gun òkè láàárọ̀, yóò jókòó sí etí ìkòkò náà títí àwọn ẹyẹ yóò fi wọlé sùn. Ohun tó yà á lẹ́nu ju iná inú ilẹ̀ lọ ni pé ẹnikẹ́ni kò wá wò ó. Ó rò pé wọ́n á fi ẹnì kan pamọ́ sẹ́yìn igi. Ó yọjú wo ẹ̀yìn igi gbogbo, kò rí ẹnì kan. Wọ́n kàn fi igbó sílẹ̀ fún un bí ẹni fi ilé sílẹ̀ fún àbúrò.

Ṣùgbọ́n ẹnu Mùrí kò lè dákẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó ń bá Bàbá Àmúdà jà láti òkèèrè. Yóò dúró sí etí ihò náà, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, yóò ké: "Àmúdà! Olórí kunkun!" Ìkòkò náà yóò sì dá a lóhùn pé olórí kunkun. Ó dùn mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń fi í tu ara rẹ̀ nínú.

Ó di ọjọ́ kan, ọmọ ẹyẹ kan jábọ́ láti inú ihò igi kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹrà, ó bọ́ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Mùrí gan-an. Ó ń gbọ̀n. Ìrù rẹ̀ ti ń pọ́n. Mùrí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó mú àgò jáde láti inú àpò, ó tò ó, ó fi ọmọ ẹyẹ sínú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa.

Ràhámọ̀tù nìyẹn. Nínú àgò kékeré yẹn ni Ràhámọ̀tù wà, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, àti bó ṣe máa ń fi ojú sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Òfin Bokóri kò mọ òkun wẹ̀, ni Mùrí sọ fún ara rẹ̀. Kò lè bá òun dé Ìwó. Àmọ́ ó rántí pé Wàláì tí òun sọ kò parí sí etíkun. Ibi gbogbo ni Wàláì wà. Ó tún rántí ìyá tó ń jẹ èso pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tó dìde fún un pé ẹbí ti dé, kí òun lọ sinmi.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ohùn kan ti dún lórí igi, lókè orí rẹ̀ gan-an.

"Àmúdà! Olórí kunkun!"

Kì í ṣe ìkòkò ló dáhùn. Òun kò tíì la ẹnu. Ó gbé ojú sókè. Ìyá ọmọ ẹyẹ náà ló dúró sórí ẹ̀ka, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Ohùn Mùrí ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn Mùrí gan-an.

"Àmúdà!" ni òmíràn wí láti òdìkejì.

"Olórí kunkun!" ni igba wọn dáhùn.

Kí Mùrí tó dìde dúró, gbogbo igbó ti gbà á. Wọ́n fò dìde láti inú ìkòkò náà, wọ́n ń yí po lójú ọ̀run, wọ́n ń bú àna rẹ̀ ní ohùn rẹ̀. Mùrí dojú bolẹ̀, ó fi apá bo orí. "Mo gbé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Bàbá ìyàwó mi ni!"

Ẹyẹ tí wọ́n bí sáàárín irú ariwo yìí, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tó bá dé iwájú Bàbá Àmúdà? Mùrí la ilẹ̀kùn àgò náà kíákíá bí ẹni pé iná ló wà nínú rẹ̀. Ó fi ọmọ ẹyẹ sí inú fìlà, ó gun igi, ó dá a padà sínú ihò. Ìyá ẹyẹ gé e ní ìka jẹ, ó tún fi Àmúdà kún un. Lẹ́yìn náà Mùrí tú àgò palẹ̀, ó fi pákó rẹ̀ tún etí ihò tó jẹrà náà kàn dáadáa, kí ọmọ má baà tún jábọ́. Iṣẹ́ náà dára. Kò mì.

Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ mìíràn ló délẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo, Mùrí ń dọ̀bálẹ̀ sí etí ìkòkò, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ́ àwọn ẹyẹ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àmúdà." Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n mú un. Ní ìparí oṣù, gbogbo wọn ló ń sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àmúdà olórí kunkun!"

"Ó tiẹ̀ ti ní ọ̀wọ̀ nínú báyìí," ni Sunday wí.

Èyí tó burú jù ni pé ará Kuta kan wà lóko kòkó náà, Ṣàfíù, tí oko bàbá rẹ̀ bá ti Bàbá Àmúdà pààlà. Ó gun òkè wá wòran, ó gbọ́ díẹ̀, ó yí ojú padà sí Mùrí.

"Àmúdà wo nìyẹn?"

"Àmúdà pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ èyí nílé."

"Èmi kẹ̀? Ẹnu mi kì í yọ," ni Ṣàfíù wí, ó sì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín sọ̀kalẹ̀ lọ. Kọ́ńtíráàtì tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ parí.

Nígbà tí ti Mùrí náà parí, ó lọ dágbére ní Bokóri. Màmá Lóbà ti rí ihò igi tó tún ṣe. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ìyẹ́ pupa kan tó jábọ́ fúnra rẹ̀ fún un, ó ní ilé Ìwó ti ṣe tirẹ̀, kí ó sọ fún àwọn ẹbí yòókù pé ọjọ́ ìsinmi ṣì ń dúró dè wọ́n.

Mùrí kò kọ́kọ́ dé Ìwó. Ilé-Ogbó ló gbà lọ tààrà, ìyẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó bá Bàbá Àmúdà lórí ìjókòó níwájú ilé, Ìyá Ràhámọ̀tù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ràhámọ̀tù sì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìyẹ́ náà sílẹ̀.

Bàbá Àmúdà wò ó títí. "Ìrù rèé. Ṣé ara rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Bàbá, kò ṣeé mú wá. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn, ilé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Mo ti búra."

"Ó mà ṣe o. Kò wá." Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ràhámọ̀tù ti wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ṣàfíù ará Kuta ti dé ṣáájú rẹ. Ó ní ẹyẹ ń pe orúkọ mi nínú òkè kan láàárín òkun. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Mo ti sọ ọ́ lọ́jà. Gbogbo Ilé-Ogbó ló mọ̀ pé orúkọ mi ti kọjá òkun." Ó na ọrùn síwájú. "Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀lé orúkọ náà tí òun kò gbọ́ dáadáa. Kí ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Mùrí rí ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀, ó sì há. Ó lè sọ pé olówó ni wọ́n ń sọ. Ó lè sọ pé Alàájì ni. Irọ́ ogójì ló tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ó wo Ràhámọ̀tù. Ó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ṣì ń bọ̀ láti erékùṣù náà, pé ọ̀kan lára wọn yóò ní etí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Olórí kunkun ni wọ́n ń sọ."

Àwo ẹ̀wà dànù. Ìyá Ràhámọ̀tù ló ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀.

"Ẹyẹ! Yéè! Ẹyẹ tí kò rí ọkọ mi rí láyé! Ó ti hàn dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ!"

"Ta ló kọ́ wọn?" ni Bàbá béèrè.

"Èmi ni, Bàbá. Mo ti fi ẹ kú iṣẹ́ sí i."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Bàbá, mi ò lè kà wọ́n."

Ìyẹn ló ba Bàbá Àmúdà lẹ́rù jù. Mùrí tó ń ka ẹgbẹ̀rún níbi tí kò sí ẹyọ kan, òun ló ń sọ pé òun kò lè kà. Bàbá dìde, ó tún jókòó. Ó wo ìyẹ́ pupa náà bí ẹni pé òun náà fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ pe ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá mú ọmọ yìí," ni ó wí. "Kíákíá. Bí mo bá tún dá ọkùnrin yìí padà, tó bá tún bínú lọ sí òkè yẹn, kí ló tún fẹ́ lọ kọ́ wọn?"

Ràhámọ̀tù ti wọlé lọ di ẹrù.